Ọjọ́ Tí Orúkọ Jẹ̀lílì Kúrò Lára Apẹ̀rẹ̀ Ẹja

Ayọ̀ ló jí Waliyah lọ́jọ́ náà. Kó tó kírun ìdájí tán nínú yàrá tó háyà ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ ló ti ń rò ó bí òun yóò ṣe jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí òun yóò tẹ ìlà kan péré, tí orúkọ ọkùnrin kan báyìí yóò sì kúrò nínú gbogbo iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa jí tayọ̀tayọ̀ nítorí aṣọ tuntun tàbí nítorí àfẹ́sọ́nà. Kọ́lọ́ọ̀mù ló jí tiẹ̀, yíyọ ló sì fẹ́ yọ ọ́ dànù. Ẹ sáà ń gbọ́.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ìpakodò, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já èrò, ló gbà á síṣẹ́. Ẹja Àárọ̀ ni wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ náà, iṣẹ́ wọn kò sì ṣòroó yé. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ní Ẹ̀pẹ́ á ya fọ́tò ẹja tí wọ́n bá rí rà lọ́wọ́ apẹja láàárọ̀, wọn á gbé e sórí áàpù. Àwọn ìdílé tó ń gbé inú ẹ́sítéètì n'Ìkòròdú, tí tọkọtaya jọ ń sáré lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́, á yan èyí tó wù wọ́n lórí fóònù. Ọkọ̀ ojú omi á kó apẹ̀rẹ̀ wá sí Ìpakodò lọ́sàn-án, nígbà tí oníbàárà bá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀bọ̀kún rẹ̀ ti ń dúró dè é. Waliyah ló kéré jù nínú àwọn tó ń kọ áàpù náà, òun náà ló sì ń rẹ́rìn-ín jù.

Nínú dátábéèsì, ìyẹn ibi tí áàpù ń kó gbogbo ohun tó mọ̀ pamọ́ sí, tábìlì kan wà tó jẹ́ ti àwọn ẹlẹ́ja nìkan. Kọ́lọ́ọ̀mù kan, ìyẹn ìlà òòró kan, wà fún orúkọ, òmíràn wà fún nọ́ńbà fóònù, òmíràn wà fún irú ẹja tí olúwa rẹ̀ ń tà. Kọ́lọ́ọ̀mù kan sì wà fún orúkọ ọkọ. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ áàpù náà ló fi í síbẹ̀, nítorí pé bí ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja ṣe ń forúkọ sílẹ̀ láti ayé àwọn ìyá wọn nìyẹn: lágbájá, ìyàwó tàmẹ̀dò. Bí apẹ̀rẹ̀ bá fẹ́ kúrò l'Ẹ̀pẹ́, ẹ̀rọ á tẹ orúkọ méjèèjì sára páálí pélébé kan, wọn á so ó mọ́ ọwọ́ apẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja tó dára jù l'Ẹ̀pẹ́ ṣe ń wọ Ìkòròdú pẹ̀lú àkọlé yìí: Kúlúsúmù, ìyàwó Jẹ̀lílì.

Kúlúsúmù yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá Waliyah. Ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ Rodiat, ìyá tó bí Waliyah lọ́mọ, nígbà tí kò sì sí ọmọ kankan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n mú Waliyah lọ bá Kúlúsúmù nígbà tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́jú dáadáa. Ilé Kúlúsúmù ló dàgbà sí. Owó ẹja Kúlúsúmù ló fi kàwé dé ibi tó kà á dé. Àǹtí ló sì ń pè é, nítorí bí gbogbo ilé ṣe ń pè é nìyẹn.

Jẹ̀lílì ni ọkọ tó fẹ́ Kúlúsúmù. Wọ́n retí ọmọ títí, ọmọ kò dé. Ọkùnrin náà fara dà á, tàbí ká sọ pé ó ṣe bí ẹni tó ń fara dà á, kó tó lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní Kùtọnu, tó sì rán àbúrò rẹ̀ wá sọ fún Kúlúsúmù pé òun ti kọ̀ ọ́. Kò wá fúnra rẹ̀ o. Ọkùnrin tó ń wakọ̀ ojú omi nínú ìjì kò lè wọ pálọ̀ ìyàwó rẹ̀ kó la ẹnu sọ̀rọ̀. Kúlúsúmù kó ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó sì ń ta ẹja rẹ̀ lọ. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló mọ̀ pé ìgbéyàwó náà ti tú. Áàpù nìkan ni kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Kúlúsúmù tẹ̀ lé ẹja rẹ̀ wá sí Ìpakodò láti wá wo bí wọ́n ṣe ń tà á. Ìyàwó kékeré kan láti inú ẹ́sítéètì gba apẹ̀rẹ̀, ó ka páálí, ó kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹ ṣeun o, ìyàwó Jẹ̀lílì. Ọmọ náà kò mọ ohunkóhun. Kúlúsúmù já páálí náà kúrò, ó rún un mọ́wọ́, ó sì sọ fún Waliyah níbẹ̀ pé ẹja òun kò ní wọ inú áàpù yẹn mọ́ títí orúkọ náà yóò fi kúrò. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ títì l'Ẹ̀pẹ́ ló ti ń ta ọ̀bọ̀kún tó yẹ kó máa lọ sílé àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó ń dun Waliyah wọnú eegun. Òun ló mú Àǹtí wọ iṣẹ́ náà, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ Jẹ̀lílì síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì tú síta tí kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Ó bẹ Bólúwají, ọ̀gá wọn, kó fún òun ní iṣẹ́ yíyọ kọ́lọ́ọ̀mù náà. Bólúwají gbà. Ṣùgbọ́n ó bi í ní ìbéèrè kan: àwọn Kúbúrátù ńkọ́? Kúbúrátù pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja ju kí èèyàn fi orúkọ nìkan mọ̀ wọ́n lọ. Orúkọ ọkọ ni awakọ̀ fi ń mọ apẹ̀rẹ̀ èyí yàtọ̀ sí ti tọ̀hún. Bí wọ́n bá kàn yọ ọ́, ìjà ni yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ìpakodò lọ́jọ́ kejì. Waliyah ní kí ọ̀gá má ṣèyọnu. Ta ló ń pe obìnrin ní orúkọ ọkọ rẹ̀ nílé tẹ́lẹ̀? Orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pè é. Ó kọ kọ́lọ́ọ̀mù tuntun kan, ó sì fi ìbéèrè yìí síwájú rẹ̀ lórí áàpù: Ìyá ta ni yín? Kí ẹnikẹ́ni má baà fò ó, ó fi òfin dè é pé ẹni tí kò bá kọ nǹkan síbẹ̀ kò ní lè kọjá sí ojú ewé tó kàn. Bólúwají wò ó, ó ní ọmọ yìí gbọ́n. Orí Waliyah wú títí dé ilé.

Nínú irú iṣẹ́ tiwọn, èèyàn kì í kàn ki ọwọ́ bọ inú tábìlì kó fa nǹkan yọ. Wọ́n á kọ àṣẹ rẹ̀ sínú fáìlì kékeré tí wọ́n ń pè ní mígíréṣọ̀n, wọ́n á dán an wò lórí ẹ̀dà, kí wọ́n tó wá jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí ojúlówó. Méjì ni Waliyah kọ. Àkọ́kọ́ yóò fi kọ́lọ́ọ̀mù tuntun kún un. Bí àwọn obìnrin bá ti dáhùn ìbéèrè tán, ìkejì yóò yọ kọ́lọ́ọ̀mù ọkọ. Ọ̀rọ̀ ìpàdé ni ìkejì yìí: olórí ẹgbẹ́, Alájà Ṣùkúrátù, ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i l'Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn ìrun Àílà. Kúlúsúmù sì ti ránṣẹ́ pé òun yóò wá. Bí ó bá rí i pé orúkọ náà kúrò lóòótọ́, yóò padà sínú áàpù. Bí kò bá kúrò, kí wọ́n má da òun láàmú mọ́.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ Waliyah kò kanlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dé ọ́fíìsì, ó jẹ́ kí mígíréṣọ̀n àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́ láìṣe wàhálà kankan. Àtẹ̀jíṣẹ́ lọ sórí fóònù gbogbo àwọn obìnrin. Ó gbé láptọ́ọ̀pù sápá, ó sáré wọnú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ gbé apẹ̀rẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́, ó jókòó síwájú níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ìbòrí rẹ̀ kiri, ó sì ṣí fóònù láti máa wo ìdáhùn bó ṣe ń wọlé.

Àwọn obìnrin náà ti gba iṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyá Rídwàn wọlé. Ìyá Kabir wọlé. Ìyá Oríyọmí wọlé, ìyẹn sì kọ orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀ tẹ̀ léra wọn títí àyè fi tán. Waliyah ń rẹ́rìn-ín sókè nínú ọkọ̀, awakọ̀ ń wò ó. Rodiat ìyá rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ẹlẹ́ja, wọlé: Ìyá Zikrullah. Zikrullah ni ẹ̀gbọ́n Waliyah, àkọ́bí ilé, kò sì sẹ́ni tó ń pe Rodiat lórúkọ mìíràn l'Ẹ̀pẹ́. Inú Waliyah dùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ Kúlúsúmù.

Kò tíì dáhùn. Waliyah ń wo àyè tó ṣófo níwájú orúkọ náà, ìbéèrè tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sì wà lókè rẹ̀ gàdàgbà. Ìyá ta ni yín?

Ìyá ta ni? Obìnrin tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ nítorí ọmọ, òun ni Waliyah jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó ń bi ní ìyá ta ni, tó sì fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ kọjá bí kò bá dáhùn. Orúkọ Jẹ̀lílì sàn ju èyí lọ. Jẹ̀lílì kàn lọ ni, kò dúró sójú ọ̀nà kó máa béèrè ìbéèrè. Báwo ni ọgbọ́n èèyàn ṣe lè pọ̀ tó báyìí kó má sì rí ohun tó wà níwájú rẹ̀? Ọ̀dọ̀ Àǹtí ló ti jẹun dàgbà. Nínú gbogbo ayé, òun ló yẹ kó ṣe àṣìṣe yẹn kẹ́yìn.

Ó tẹ Bólúwají láago. Kò lọ. Wọ́n ti wọ àárín ọ̀sà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó gbé fóònù sókè, ó dìde dúró, awakọ̀ pariwo mọ́ ọn pé kó jókòó kó tó bọ́ sómi. Ó jókòó. Ó bẹ awakọ̀ pé kó yára sí i. Ìyẹn ní eré tí ẹ́ńjìnnì mọ̀ náà ló ń sá yìí. Waliyah bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúà tí kò mọ bó ṣe máa parí: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Àǹtí tíì ṣí fóònù, kí bátìrì rẹ̀ kú, kí ó gbàgbé gíláàsì rẹ̀ sílé.

Bí ilé Ẹ̀pẹ́ ṣe hàn níwájú ni fóònù sọjí. Bólúwají gbé e. Waliyah kò kí i. Ó ní kó yọ òfin náà kúrò lójú ẹsẹ̀, kó sì yí ìbéèrè padà sí: Kí ni kí a máa pè yín? Bólúwají béèrè ìdí. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó ní orí òun náà kò pé, òun ń ṣe é lọ báyìí. Kí ọkọ̀ tó kanlẹ̀ ó ti ṣe é. Ó wá fi kún un pé gbogbo wọn ló ti dáhùn o, kò ku ẹnì kankan. Waliyah béèrè ohun tí Kúlúsúmù kọ, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì gbé ohùn náà lọ, ìlà sì já.

Ó sáré gba etí omi lọ síbi ìpàdé. Abẹ́ páànù kan ni, lẹ́yìn ọjà ẹja, àwọn obìnrin ti jókòó pitimu, ọ̀rọ̀ ń lọ, ẹ̀rín ń lọ. Kúlúsúmù jókòó láàárín wọn, ó dé ìbòrí funfun, Rodiat sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn. Waliyah fẹ́ lọ bá a, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kó bẹ̀ ẹ́ kó tó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n Alájà Ṣùkúrátù ti nawọ́ sí i pé kó jókòó síwájú. Àṣà ẹgbẹ́ náà ni pé orúkọ kì í yí padà bí wọn kò bá pè é síta lójú gbogbo ẹgbẹ́, kí ẹni tó ni ín dáhùn. Alájà ti gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání, ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

Waliyah ní, "Alájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nǹkan kan." Alájà ní yóò sọ ọ́ tí wọ́n bá pe orúkọ tán. Ta ni yóò bá Alájà jiyàn?

Ó ń pè wọ́n, wọ́n ń dáhùn, olúkúlùkù ń nà ró bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Kúbúrátù, Ìyá Rídwàn. Èmi nìyí. Kúbúrátù, Ìyá Kabir. Èmi rè é o. Ó dé orí Jamilah, ìyàwó tuntun tí kò tíì bímọ, tó jọ pé ẹ̀yìn tí wọ́n yí ìbéèrè padà ló tó kọ tiẹ̀: Jamilah Arẹwà. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, Jamilah fi ọwọ́ bo ojú. Waliyah kò lè rẹ́rìn-ín. Rodiat, Ìyá Zikrullah. Rodiat dáhùn.

Alájà sún gíláàsì rẹ̀ sókè. Ó ka èyí tó kàn sínú, kó tó wá kà á síta.

"Kúlúsúmù, Ìyá Waliyah."

Kúlúsúmù kò dáhùn. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn Kúbúrátù, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ní àbí wọ́n ṣì í kọ ni, ṣebí Rodiat ló bí Waliyah, ṣebí Rodiat ló jókòó yìí. Kúlúsúmù rọra sọ pé kì í ṣe àṣìṣe, òun kàn kọ ọ́ ni, ẹ̀rọ kò jẹ́ kí òun kọjá, ohun tó sì wá sí òun lọ́kàn nìyẹn. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n kọ Kúlúsúmù lásán.

Rodiat dìde. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ni. Kò wo Kúbúrátù, kò wo Alájà pàápàá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ má pa á rẹ́ o," ni ó wí. "Mo kọ tèmi, Ìyá Zikrullah ni mo kọ. Wọn ò fi agbára mú mi. Ẹni tó tọ́ Waliyah ló jókòó yìí. Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n pè yín, ẹ dáhùn."

Kúlúsúmù gbójú sókè. Omi ti gba ojú rẹ̀.

"Èmi nìyí."

Kí ni wọn kò ṣe tán níbẹ̀? Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kígbe Allāhu Akbar, Jamilah fò mọ́ ọn lọ́rùn, Kúbúrátù tó béèrè ọ̀rọ̀ ló sunkún jù. Waliyah ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ pé òun kò ronú, pé òun ló kọ ìbéèrè burúkú yẹn. Kúlúsúmù fi ìbòrí nu ojú ọmọ náà kó tó nu tiẹ̀. Ó ní ìbéèrè náà kò burú. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń retí ẹni tí yóò bi òun.

Ó ku iṣẹ́ kan. Waliyah gbé láptọ́ọ̀pù lé orí ẹsẹ̀ Kúlúsúmù, ó kọ àṣẹ tí yóò jẹ́ kí mígíréṣọ̀n kejì ṣiṣẹ́, ó ku títẹ̀. Ó pe Bólúwají, ó gbé e sí ohùn òkè kí gbogbo wọn lè gbọ́, nítorí òfin ilé-iṣẹ́ ni pé ẹnì kan kì í dá yọ kọ́lọ́ọ̀mù. Bólúwají kí àwọn ìyá dáadáa. Ó wá fi ohùn iṣẹ́ béèrè bóyá ó dá wọn lójú.

Ó ní, "Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ sì yí ọkàn padà lọ́la, a lè dá kọ́lọ́ọ̀mù náà padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfìfo ni yóò wà. Orúkọ tó wà nínú rẹ̀ kò ní bá a padà wá."

Kúlúsúmù na ọrùn sún mọ́ fóònù.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ẹ tún un sọ."

Bólúwají tún un sọ. Kúlúsúmù mi orí bó ṣe ń gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń tàn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó béèrè èyí tí òun yóò tẹ̀.

"Eléyìí, Màmá," ni Waliyah wí, ó sì fi ìka rẹ̀ hàn án.

Àǹtí ló ti ń pè é láti kékeré. Kúlúsúmù gbójú sókè wò ó, ó wò ó pẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́.